Ọmọ Tí Yóò Rọ́pò

Òwe ni iṣẹ́ mi. Àwọn baba wa ní, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀rù ń bà mí kí òwe náà má baà yẹ̀ lórí igi òrí Òkè-Ògùn. Gbòǹgbò àgbà igi jìn. Ó ń rí omi mu lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tètè dá, tí ooru sì ń pọ̀ sí i, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù yóò gbẹ. Igi òrí a sì máa lò tó ọdún 15 kí ó tó so. Kí ìdúró àgbà igi má ṣe tàn wá jẹ: òjò àtijọ́ ni ó wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a gba ọmọ igi lọ́wọ́ iná ọ̀dàn, kí òwe wa má baà di irọ́.