Ṣé Ìwé Kan Ni, Àbí Méjì?

Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ilé yín ni. Ó yẹ kí ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí ìwé tó dé ọwọ́ yín.

Gbogbo ilé ìkàwé ló ní àkọsílẹ̀ àwọn ìwé rẹ̀. Láyé àtijọ́, orí káàdì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Wọn a kọ orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé, orúkọ ìwé náà, ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, ọdún tí ó jáde, àti iye ojú ìwé tí ó ní. Ẹni tó bá ń wá ìwé kò ní máa tú gbogbo pẹpẹ. Àkọsílẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó wà fún un.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tuntun kì í yé dé. Ilé ìkàwé kan a máa gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òmíràn, kí olúkúlùkù má baà máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Nítorí irú iṣẹ́ yìí ni àwọn ilé ìkàwé kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ṣe dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní OCLC sílẹ̀ ní 1967. Bí àkọsílẹ̀ tuntun bá dé, ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: ṣé a ti ní ìwé yìí tẹ́lẹ̀, àbí àlejò ni?

Ẹ ó ní, "Ṣé ìyẹn náà le?" Ó le o! Ẹ jẹ́ kí á mú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Ilé ìkàwé kan lè kọ òǹkọ̀wé sílẹ̀ bí "Fagunwa, D. O." Òmíràn a kọ "Fágúnwà, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi". Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ọmọ kan lè ní orúkọ mẹ́ta, kí ó tún ní oríkì, èyí kò lè yà yín lẹ́nu. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Lẹ́tà "ẹ" yìí, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ó sì lè jẹ́ "e", kí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ dáadáa, ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, àwọn kan ń kọ́ ọ pé kí ó yọ àmì kúrò nígbà tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá yọ àmì, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀, gbogbo wọn di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi orúkọ ìwé nìkan pinnu.

Ṣé kò sí nọ́mbà ni? Ó wà. Láti 1970 ni nọ́mbà tí à ń pè ní ISBN ti di ti gbogbo ayé. Ẹyọ mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2007, ó di mẹ́tàlá. Wọ́n fi 978 síwájú ti àtijọ́, ẹyọ tó gbẹ̀yìn sì sábà ń yí padà. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé ìwé méjì ni. Ìwé tí ó sì jáde ní 1938 kò ní nọ́mbà kankan nígbà yẹn.

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ìwé kan di méjì. Ẹni tó wá yá ìwé a rí àkọsílẹ̀ kan, a rí i pé wọ́n ti yá a lọ, a sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà kejì jókòó sórí pẹpẹ lábẹ́ àkọsílẹ̀ kejì! Ìyẹn kò dára, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe.

Èkejì ni kí ìwé méjì di ọ̀kan. Èyí ló burú jù. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé tí a wí yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Orúkọ tí ó fún un ni The Forest of a Thousand Daemons. Fágúnwà tún kọ Igbó Olódùmarè ní 1949. Ṣóyínká túmọ̀ òun náà, ó sì jáde ní 2010 bí In the Forest of Olodumare. Òǹkọ̀wé kan, olùtúmọ̀ kan, igbó nínú orúkọ méjèèjì. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, wọ́n jọra, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni wọ́n. Bákan náà, bí àkọsílẹ̀ ìwé tí a tún tẹ̀ bá bo ti 1938 mọ́lẹ̀, a kò ní mọ ilé tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà mọ́. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà, kí ló fi yàtọ̀ sí èyí tó ti jóná?

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọn a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì: nọ́mbà, orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé, ọdún, iye ojú ìwé. Bí máàkì bá pọ̀, ìwé kan náà ni. Bí ó bá kéré, ìwé tuntun ni. Bí ó bá wà láàárín, kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Bí iyèméjì bá ṣì wà, kí wọ́n má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹgbẹ́ yín, ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí mọ́ṣáláṣí yín bá ní ìwé mélòó kan, ẹ̀yin náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹ kọ ohun márùn-ún yẹn sílẹ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa kọ orúkọ bákan náà nígbà gbogbo. Bí ẹnìkan bá ta yín lọ́rẹ ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ti kọ kí ẹ tó kọ tuntun. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín yóò rí ohun tó ń wá.