Ohun tí Àlejò Ń Rí ní Àgbádárìgì

Kò di ìgbà tí ìrìn-àjò bá jìnnà kí ó tó kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Àtàn-Ọ̀tà, tí ó gba Lúṣàdá dé Agbára, tí ó sì bọ́ sí títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ibi ìtàn ńlá ni ó forí lé.

Ìlú kan wà létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Índíà tí wọ́n ń pè ní Cochin nígbà kan, tí ó di Kochi lónìí. Àwọn àlejò a máa lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́kọ́ sin Vasco da Gama sí ní 1524, àti sínágọ́gù tí àwọn Júù kọ́ ní 1568. Òwò òkun ni ó sọ Cochin di olókìkí. Òun náà ni ó sọ Àgbádárìgì di olókìkí. Ṣùgbọ́n ata ni ó fa àwọn Pọtogí lọ sí Cochin. Ènìyàn ni àwọn oníṣòwò wá rà ní Àgbádárìgì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. parí ní 1845, tí a ń kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣì wà létí ọ̀sà. Ní ọdún náà ni Àjàyí Crowther àti Henry Townsend dé Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, àti ogun kò jẹ́ kí ọ̀nà là títí di 1846. Àwọn Ẹ̀gbá ti ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sàga ti Adó-Odò. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀tà tí ó bá dúró níwájú ilé yìí, ìtàn àwọn baba tirẹ̀ ni ó ń wò.

Igi Àgíyà, tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, wó ní 1959. Ọwọ̀n ìrántí ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ní ilé Mobee, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de ẹrú ni àlejò ń rí.

Ilé Seriki Williams Abass ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ọmọ Ìjọ̀gá ní ilẹ̀ Yewa ni ọkùnrin yìí. Wọ́n tà á ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì di ògúnná gbòǹgbò nínú òwò ẹrú. Ó kú ní 1919. Àwọn ìyàrá tóóró tí wọ́n ń há ènìyàn mọ́ ṣì wà nínú ọgbà rẹ̀.

Bí ẹni tí ń mú àlejò kiri bá sọ pé òyìnbó nìkan ni ó jẹ̀bi, òtítọ́ kò pé. Bí ó bá ní aláwọ̀ dúdú ni ó ta aláwọ̀ dúdú, tí kò dárúkọ ẹni tí ó gbé ọkọ̀ òkun wá rà á, òtítọ́ kò tíì pé síbẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Láti ìlú, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé àlejò sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, kí ó tó fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn dé etí òkun. Ọ̀nà yìí ni àwọn ẹrú tọ̀, tí wọn kò sì padà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mú ọmọ ilé-ìwé débẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà tán, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò.