"Ẹ Yá Mi Ní Àkáǹtì Yín": Ọ̀rọ̀ Ìlanilọ́yẹ̀ Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Berea

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn tó ń fara pamọ́ sínú Facebook àti àwọn irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú fíìmù kọ́ o. Ilẹ̀ tí a wà yìí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá Gúúsù Áfíríkà àti àwọn agbófinró Amẹ́ríkà jọ mú ọmọ Nàìjíríà 8 ní Cape Town. Ẹ̀sùn tí Amẹ́ríkà fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn gba owó àwọn ará Amẹ́ríkà, pé ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ láti 2011, àti pé ọmọ ẹgbẹ́ Black Axe ni púpọ̀ nínú wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀sùn ti wí, ẹnì kan á bá ọ pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ní ará Amẹ́ríkà lòun, iṣẹ́ ló gbé òun wá sí Gúúsù Áfíríkà. Kò ní pẹ́, wàhálà á dé níbi iṣẹ́ ìkọ́lé: kíréènì ti bàjẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó ránṣẹ́. Bí ẹni náà bá kọ̀, wọ́n á láwọn ó tú àwòrán ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síta.

Ṣùgbọ́n owó kì í fò. Ó gbọ́dọ̀ gba inú àkáǹtì ẹnì kan kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kàn wá. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ní Berea níbí ni: "Ẹ̀gbọ́n, owó kan ń bọ̀, ìwé mi ò tíì jáde, báńkì ò gbà mí. Ẹ yá mi ní àkáǹtì yín, ẹ ó rí tiyín mú níbẹ̀." Ó ṣòro láti kọ̀, torí gbogbo wa la mọ bí ojú ẹni tí kò níwèé ṣe ń rí. Òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 1998 lórí fífọ owó ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kò mọ sórí ẹni tó mọ̀ nìkan. Ó mú ẹni tó yẹ kó fura pẹ̀lú. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 30.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ńkọ́, ẹ rántí Hushpuppi, Ramon Abbas, ọmọ Èkó tó ń fi mọ́tò ńlá yangàn lórí Instagram. Ní 2019, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gba $922,857 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní New York. Àwòrán ọjọ́ ìbí tó fúnra rẹ̀ gbé síta wà lára ohun tí FBI fi dá a mọ̀. Wọ́n mú un ní Dubai ní 2020. Ní 2022, adájọ́ ní kó lọ lo ọdún 11 lé ní ẹ̀wọ̀n.

Bí owó tí ẹ ò mọ orírun rẹ̀ bá wọ àkáǹtì yín, ẹ má ná an, ẹ má sì fi ránṣẹ́ síbòmíràn, ẹni yòówù tó bá ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ bá báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Hillbrow. Bí ẹ̀rù ìwé ìgbélùú bá ń bà yín, ẹ kọ́kọ́ wá bá ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. A ó yan àgbà méjì tí yóò bá yín dé ibẹ̀.