Ta Ni Yóò Gbé Ọkọ̀ Jáde Lóru?

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù ní Èkó, ní Wàrì, ní London, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mìíràn. Ẹ kà á tán ná.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwà ipá láàárín tọkọtaya. Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí òfin, ṣùgbọ́n orí omi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ń na ìyàwó rẹ̀ lóru ní Àkúrẹ́, obìnrin náà lè sáré bọ́ sí títì, kó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kó wọ ọ̀kadà. Ní Awóyè ńkọ́? Ní Ayétòrò? Orí òpó ni ilé wà, afárá pákó ni ọ̀nà, omi ni ìyókù. Ọkọ̀ tó so mọ́ ìdí ilé, ọkọ tó ń lù ú ló ni ín. Láti ibẹ̀ dé Igbókọ̀dá, owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré. Ibo ni kó sá gbà?

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí kò gbọ́. Pákó kì í bo ohùn, omi sì máa ń gbé e lọ. Bí wọ́n bá là á mọ́lẹ̀ ní ilé kẹta, a ó gbọ́ níbi tá a sùn sí, a ó sì yí ìhà kejì. Ilẹ̀ á mọ́, a ó bá a nídìí ààrò ẹja, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní èéfín ló wọ òun lójú. A gbà. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Àwọn kan á ní òkun ti gba ilé, ẹja ò sí mọ́, epo rọ̀bì ti ba omi jẹ́, ìbànújẹ́ ló ń mú ọkùnrin ṣe é. Òótọ́ ni pé òkun ń jẹ Ayétòrò. Òkun kan náà ló gbé ààrò obìnrin lọ, kò sì tìtorí ẹ̀ na ẹnikẹ́ni.

Kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Kí ọkọ máa fi ipá gba owó ẹja tí ìyàwó yan, ìwà ipá ni.

Òfin VAPP jáde ní 2015. Ó ní ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Abújà nìkan ni agbára ìyẹn mọ, ìdí nìyẹn tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ṣe tirẹ̀ ní 2021, nígbà ìjọba Akérédolú. Ẹ kíyè sí i: "ọkọ tàbí aya." Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n wà láàárín wa.

Ẹ rántí Osinachi Nwachukwu, tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orin "Ekwueme" ní ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Ó kú l'Ábújà ní oṣù kẹrin 2022. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn wà lára àwọn tó jẹ́rìí. Àwọn ọmọ tiwa náà ń wò wá.

Ohun tí mo wá bèèrè nìyí. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ọlọ́kọ̀ kan tí baálẹ̀ àti àwọn ìyá wa fọkàn tán, tí yóò gbé ẹni tó ń sá àsálà àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé Igbókọ̀dá láìgba kọ́bọ̀, bó ti wù kí òru jìn tó. Kí àpò ẹgbẹ́ san owó pẹtiróò. A kúkú ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Kí baálẹ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ náà dúró. Bí obìnrin náà bá sì gúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tètè bẹ̀ ẹ́ pé kó padà nítorí ọmọ. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kó rí wọn ná.

Ẹ fi orúkọ ọlọ́kọ̀ abúlé yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó wáyé. Abúlé tí kò bá rí ẹnì kankan, kó kọ ìyẹn náà wá.