Ọgbà Lápálápá

Ewúrẹ́ kì í jẹ lápálápá, ìdí nìyí tí a fi ń fi í ṣe ọgbà yí ilé ká.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní igbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà. Bí ó bá ga dé àyà yín, ẹ fi àdá mímú rẹ́ orí rẹ̀ kí ó dọ́gba. Ẹ̀ka tuntun yóò yọ, ọgbà yóò sì dí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí rírẹ́ náà pẹ́. Orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ; bí ẹ bá ń rẹ́ ẹ, èso kò ní pọ̀. Èso náà ní májèlé. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ yóò máa bì, inú rẹ̀ yóò sì máa ṣàn. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ o.