Ẹni tó ń Wo Ọgbẹ́ Kò sí Lójú Ìjà: Ewu tó Wà Lọ́rùn Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera Níbi Ogun

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Àtàn-Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ewu tó wà lọ́rùn àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbi tí ogun ti ń jà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹlòmíì lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kan ará Àtàn-Ọ̀tà nínú ogun Borno. Ó kàn án gidi. Ọ̀tà wà lára àwọn ibi pàtàkì tí a ti ń ṣe oògùn ní Nàìjíríà. May & Baker ní iléeṣẹ́ oògùn níbí, Fidson náà ní tiẹ̀. Oògùn ibà, oògùn ara ríro, omi inú ike tí nọ́ọ̀sì ń fà sí aláìsàn lára, ọwọ́ àwọn ọmọ yín ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Ṣùgbọ́n oògùn kò ní ẹsẹ̀. Ẹnìkan ni yóò gbé e dé àgọ́ ogúnléndé. Ẹnìkan ni yóò wá iṣan lára ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, tí yóò sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá pa ẹni yẹn, tàbí tí ẹ̀rù bá lé e sá, làálàá tí ẹ ṣe nínú iléeṣẹ́ níbí kò ní í dé ara ẹni tó nílò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àìní ìbọn lọ́wọ́ ló ń pa òṣìṣẹ́ ìlera lójú ogun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Dída iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń jagun ló ń pa á. Lọ́jọ́ tí ọmọ ogun bá wo nọ́ọ̀sì tán, tó sì jẹ́ pé ọ̀tá ló rí, tàbí irinṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá, ààbò nọ́ọ̀sì náà ti tán kí ìbọn tó dún. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá pa ààlà tó wà láàárín ìtọ́jú àti ogun rẹ́, ì báà ṣe ọlọ̀tẹ̀, ì báà ṣe ìjọba, ì báà ṣe àwa ará ìlú tí à ń gbé àhesọ kiri, ó ní ìpín tirẹ̀ nínú ikú wọn.

Àwa Yorùbá mọ irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ní 1886, tí Ogun Kírìjì ti gba nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, àlùfáà méjì ni wọ́n rán sáàárín àwọn tó ń jà. Samuel Johnson ń wọ àgọ́ Ìbàdàn, Charles Phillips ń wọ àgọ́ Èkìtìparapọ̀. Tọ̀tún tòsì mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ yìí kò wá jagun, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá. Ayé gbogbo kọ irú òye yìí sílẹ̀ lófin. Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́, ti 1864, ló dá ààbò bo àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n mú un gbòòrò ní 1949, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 1961. Bí ogun abẹ́lé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi ìlànà lé ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ yọ ilé ìwòsàn lẹ́nu, àti òṣìṣẹ́ àti aláìsàn inú rẹ̀. Òfin kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ká mọ̀ bó ṣe ń di aláìníláárí lójú ogun ló kù.

Ogun abẹ́lé yẹn gan-an kọ́ wa. Lópin oṣù Kẹsàn-án 1968, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Òkígwè, wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ mẹ́rin. Méjì nínú wọn jẹ́ ti Red Cross, ọ̀kan sì jẹ́ dókítà ọmọ Yugoslavia. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà 1969, bàálù ológun Nàìjíríà já bàálù Red Cross tó ń gbé ìrànwọ́ lọ sí Biafra, ilẹ̀ tó ń jà láti ya kúrò lára Nàìjíríà, lulẹ̀. Kò sí àwáwí kankan fún ìpànìyàn wọ̀nyí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ Uli, ní Biafra. Òru kan náà, ilẹ̀ kan náà, ni bàálù oúnjẹ àti bàálù ìbọn jọ ń balẹ̀ sí, inú òkùnkùn kan náà ni wọ́n sì jọ ń fara pamọ́ sí. Lójú ìjọba àpapọ̀, oúnjẹ ti di aṣọ tí ìbọn ń wọ̀. Ẹni tó já bàálù náà jẹ̀bi. Ẹni tó fi oúnjẹ bo ìbọn mọ́lẹ̀ náà kò mọ́ lọ́wọ́. Àwọn dókítà Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Biafra wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ oníṣègùn MSF sílẹ̀ ní 1971, ẹgbẹ́ tó wá padà sí Nàìjíríà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún láti tọ́jú àwọn tí ogun mìíràn lé kúrò nílé.

Ogun mìíràn yẹn, ogun Boko Haram ní Borno, ló gbé wa dé Rann. Ìlú kékeré ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kala-Balge, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Tí òjò bá ti ń rọ̀, omi a gé e kúrò lára ayé, hẹlikópútà nìkan ni yóò sì máa débẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 2017, bàálù ológun tiwa fúnra wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ ogúnléndé tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Red Cross Nàìjíríà tó gbé oúnjẹ wá wà nínú àgọ́ náà: 6 kú nínú wọn, 13 fara gbọgbẹ́. MSF, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, sọ pé ó kéré tán, èèyàn 90 ló kú. Ìjọba gbà pé àṣìṣe ni. Nígbà tí ológun ṣe ìwádìí tán, àlàyé wọn ni pé wọn kò sàmì sí ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ wọn bí ibi tí ogúnléndé wà. Àgọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé, tí dókítà ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde, kò sí lórí ìwé ẹni tó ń ju bọ́ǹbù.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta 2018, Boko Haram kọlu bárékè ṣọ́jà tó wà ní Rann. Wọ́n pa òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ mẹ́ta, dókítà kan tó ń bá UNICEF ṣiṣẹ́ wà nínú wọn. Wọ́n kó obìnrin mẹ́ta lọ: Saifura Ahmed Khorsa àti Hauwa Mohammed Liman, agbẹ̀bí tó ń bá Red Cross àgbáyé ṣiṣẹ́, àti Alice Loksha, nọ́ọ̀sì tó ń bá UNICEF ṣiṣẹ́. Ẹ ro irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní irú ibẹ̀. Okùn pẹlẹbẹ kan wà, aláwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa, tí wọ́n fi ń yí apá ọmọdé po. Bí apá ọmọ bá tín-ín-rín débi tó bọ́ sí pupa, ebi ti fẹ́ẹ́ gba ọmọ náà lọ, wọn a sì gbà á kalẹ̀ fún ìtọ́jú. Agbẹ̀bí a gbẹ̀bí aláboyún tó fẹsẹ̀ rìn láti abúlé tí iná ti jó. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n pa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018 ni wọ́n pa Saifura, ẹni ọdún 25, ìyá ọlọ́mọ méjì. Ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n pa Hauwa, ẹni ọdún 24, lẹ́yìn tí Red Cross ti bẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀sùn tí àwọn apànìyàn náà kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń bá Red Cross ṣiṣẹ́, wọ́n ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Ọdún mẹ́fà lé ni Alice Loksha lò ní ìgbèkùn kó tó bọ́ ní 2024. Ìlú kan ṣoṣo rèé, tí ìhà méjèèjì tó ń jà pa olùtọ́jú níbẹ̀. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Red Cross ní 2017, kò lè dá bọ́ǹbù dúró lókè. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí ní 2018, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ì bá tún le sí i ni.

Ikú ẹni kan níbi báyìí kì í dá lọ. Lẹ́yìn ìkọlù ti 2018, MSF ní láti kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Rann, wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo àrùn rọpárọsẹ̀ náà. Ní oṣù Kejì 2013, wọ́n pa ó kéré tán obìnrin 9 tó ń kán oògùn àjẹsára sí ọmọ lẹ́nu ní Kánò. Ní 2015, a yọ Nàìjíríà kúrò lára orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ti ń jà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún yọjú ní Borno, níbi tí ogun kò jẹ́ kí oògùn àjẹsára dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ó di oṣù Kẹjọ 2020 kí wọ́n tó kéde pé àrùn náà, irú tó wà látilẹ̀wá, ti kúrò ní Áfíríkà. Ọkọ̀ ẹrù tó gbé ẹ̀wà àti àlùbọ́sà wá sí Sango láti òkè ọ̀hún lè gbé àrùn dání pẹ̀lú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn àtakò. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ ìrànwọ́ ń ran ọ̀tá lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ní oṣù Kejìlá 2018, ológun dá iṣẹ́ UNICEF dúró ní Àríwá Ìlà-Oòrùn lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kọ́ amí, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n ti ọ́fíìsì Action Against Hunger pa ní Maiduguri lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gbé oúnjẹ àti oògùn fún Boko Haram, nígbà tí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà tí ọlọ̀tẹ̀ jí gbé ní oṣù Keje ṣì wà ní ìgbèkùn. Mo mọ̀ pé ìfura kì í ṣàdédé wá. Amẹ́ríkà fi ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára èké ṣe amí ní Pakistan nígbà tí wọ́n ń wá Osama bin Laden, ìjọba wọn sì ṣèlérí ní 2014 pé àwọn kò ní í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìwà yẹn ba iṣẹ́ àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára jẹ́. Bí ẹ̀rí bá wà pé ẹnìkan ta oògùn fún ọlọ̀tẹ̀, kí a mú un lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn tí a sọ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí, láìsí ìdájọ́, orí awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì tó wà lọ́nà oko ló ń balẹ̀ sí. Ní ti wíwo ọgbẹ́ ọ̀tá, ẹni tó ti ju ìbọn sílẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ti di aláìsàn. Títọ́jú tí dókítà ń tọ́jú gbogbo èèyàn bákan náà ló ń jẹ́ kí wọ́n fún un lọ́nà kọjá, ó sì lè jẹ́ ọmọ ogun tiwa ni yóò nílò rẹ̀ lọ́la.

Àtakò kejì sọ pé ká fi ṣọ́jà tẹ̀ lé wọn. Mo gbà á ní apá kan. Àwọn tó jí dókítà àti nọ́ọ̀sì ìjọba gbé lọ́nà Abẹ́òkúta sí Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ní oṣù Kẹrin 2021, kò jagun pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Owó ni ajínigbé ń wá. Bákan náà ni ti dókítà ojú tí wọ́n jí gbé ní Kàdúná ní oṣù Kejìlá 2023, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tìtorí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje ní oṣù Kẹjọ 2024. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti dáàbò bo ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Níbi ogun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bárékè ni wọ́n wá kọlù ní Rann, wọ́n sì bá olùtọ́jú nítòsí. Bí ọkọ̀ ìwòsàn bá ń rìn láàárín ọkọ̀ ìbọn, ọlọ̀tẹ̀ yóò kà á mọ́ ọkọ̀ ìbọn.

Àtakò kẹta ló dùn mí jù: pé àwọn ló yàn án, owó ńlá ni wọ́n sì ń gbà. Òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ 383 ni wọ́n pa kárí ayé ní 2024, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe sọ, ọmọ ìlú tí ogun náà ti ń jà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, awakọ̀, ẹni tó ń ru ẹrù, ẹni tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu. Àlejò lè wọ hẹlikópútà kó máa lọ. Ọmọ ìlú ní ìyá àti ọmọ níbẹ̀, kò ríbi lọ. Yíyàn tó yàn ni pé kó má sá lọ nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń kú. Gbèsè ni ìyẹn jẹ́ fún wa.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn àti àgọ́ ogúnléndé wà lórí àwòrán ilẹ̀ ológun kí bàálù kankan tó gbéra. Kí bárékè jìnnà sí ibi ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ nọ́ọ̀sì bo amí. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ ìrànwọ́ pé kí awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ojoojúmọ́ ní owó adójútòfò bí àwọn ọ̀gá ṣe ní in, kí ìdílé ẹni tó bá kú má ṣagbe. Mo bẹ ẹ̀yin ará Ọ̀tà, Àtàn àti Sango: bí ẹ bá gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ń sọ ọmọ di àgàn, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíì. Bí èèyàn yín bá kú ní ilé ìwòsàn, ẹ bèèrè àlàyé, ẹ pe ẹjọ́ bó bá yẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan dókítà. Ìlú tó bá ń lu nọ́ọ̀sì ní àkókò àlàáfíà kò lè dáàbò bò ó bí ogun bá dé. Ẹ dáàbò bo ẹni tó ń wo ọgbẹ́; gbogbo wa ló ń dáàbò bò.