Ìtọ́jú Igi àti Búrọ́ọ̀ṣì kí a tó Kun Ọ̀dà

Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí a pàtẹ ní Wembley ní 1924, Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú èyí tí ó kù lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ọnà àtijọ́ kò fẹ́ ọ̀dà tuntun, kò sì fẹ́ kí a ha á. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ ni kí a fi gbá eruku ara rẹ̀.

Igi tuntun ni ti ewé ìpín, tí àwọn baba wa fi ń ha igi kí sáńpépà tó dé. Kí a bá ìlà igi lọ. Bí a bá ha á ní ìbú, àpá rẹ̀ yóò hàn gbangba lábẹ́ fáníìṣì. Kí a nu eruku rẹ̀, kí igi sì gbẹ: ọ̀dà elépo kì í di igi tútù mú.

Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bí iṣẹ́ ọ̀dà elépo bá parí, kẹrosíìnì ni kí a kọ́ fi fọ̀ ọ́, kí ọṣẹ àti omi tó tẹ̀lé e. Àwọn kan a máa fi í sílẹ̀ lóòró nínú agolo (ìwà ọ̀lẹ ni!), irun tí ó bá tẹ̀ báyìí kì í sábà tọ́ mọ́.